Aṣọ Ìyá Mi ni Wọ́n Fi Gbá Bọ́ọ̀lù

Fẹ́líìsì Ọláòtán ni ẹni àkọ́kọ́ tó rẹ́ mi jẹ láyé yìí. Òun ló bí bàbá mi. Ẹni tó bá wọ ilé wa ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀ lónìí yóò rí àwòrán rẹ̀ lára ògiri, yóò sì rí ẹ̀wù bọ́ọ̀lù kan nínú gíláàsì lábẹ́ àwòrán náà. Máyò ni àwa ń pè é, bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Ó nípọn, aró ara rẹ̀ ti ṣá, nọ́ńbà mẹ́sàn-án tí wọ́n fi aṣọ funfun rán mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì ṣí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Fírímẹ́ẹ̀nì, ọmọ àbúrò bàbá mi, ló kọ̀wé sí mi pé kí n kọ nǹkan nípa Bàbá, kí wọ́n lè kà á níbi ìrántí rẹ̀ lọ́dún yìí. "Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n, Àǹtí," ló wí. "Ẹ kọ ojú ìwé díẹ̀. Ohun tó dùn ni kẹ́ ẹ kọ."

Olùkọ́ ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìwé kíkọ, mi ò sì kọ́ ọ̀kan nínú wọn ní irọ́ kíkọ. Kí Fírímẹ́ẹ̀nì ka eléyìí jáde níwájú ẹbí bí ẹnu rẹ̀ bá gbà á.

Aránṣọ ni Bàbá. Okùn tí wọ́n fi ń wọn aṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìbáà ṣe nínú Mísà ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nílùú wa, ní ọdún mélòó kan kí àwọn Faransé tó gbé ìjọba sílẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́. Kò gbá bọ́ọ̀lù rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì kúrú díẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ṣùgbọ́n ó ra fèrè, ó so ó mọ́ ọrùn pẹ̀lú okùn ìwọ̀n, àwa ará ilé ló sì kọ́kọ́ jìyà fèrè náà. Bó bá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n gbé omi wá. Ẹ̀ẹ̀mejì, oúnjẹ ló kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹni tó ń pariwo dákẹ́. Ìyá àgbà, ìyàwó rẹ̀, kì í fèsì. Ọjọ́ kan péré ni mo gbọ́ tó fèsì. Ó gbé àwo kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ìró, ó ní, "Bàbá Jósẹ́fù, bó bá jẹ́ ohun tó ń dá fèrè lóhùn lẹ fẹ́, ajá lẹ̀ bá lọ rà."

Bí ẹni ń wo aṣọ ló ṣe ń wo èèyàn. Kò mọ orúkọ ìdajì àwọn aládùúgbò wa, ṣùgbọ́n ó mọ bí èjìká oníkálukú ṣe fẹ̀ tó. Bó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ a máa lọ láti ọrùn dé ọrùn ọwọ́ rẹ, a sì ti gé ọ, a ti rán ọ, kó o tó parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n sin ìyá mi tán, tí wọ́n mú mi wá síwájú rẹ̀ kó lè tù mí nínú, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Mo rò pé yóò gbá mi mọ́ra. Ó yíjú sí Ìyá àgbà, ó ní, "Ọmọ yìí ń ga. Ẹ má ra aṣọ ọ̀fọ̀ gidi fún un, kò ní wọ̀ ọ́ mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀."

Ìyá mi kú nídìí ọmọ. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kò sí agbẹ̀bí kan nílùú wa nígbà yẹn. Pọ́bẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ lórí ibùsùn tó fi kú lójú ọ̀nà, ọmọ inú rẹ̀ sì bá a lọ. Jósẹ́fù, bàbá mi, wà níbi iṣẹ́ ní Kútọnu, kò sì fìgbà kan já bàbá rẹ̀ níyàn láyé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe. Agbẹ̀bí ni mo fẹ́ jẹ́. Mi ò fẹ́ ohun mìíràn.

Ìyá mi ti mọ̀ pé mo ní ọpọlọ. Ahunṣọ ni, òfì àwọn obìnrin, èyí tí wọ́n ń gbé dúró ti ògiri, ló ń lò. Kíjìpá ló ń hun, aṣọ òwú tó nípọn tí kì í tètè gbó. Ó ti gbọ́ pé àwọn Másẹ̀ẹ̀, àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn tó ní ilé-ìwé ní Àjàṣẹ́, máa ń gba ọmọ tó bá ṣe ipò kìíní ní agbègbè wa, tí ọmọ náà á máa gbé lọ́dọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ẹbí gbọ́dọ̀ fún un kò ju ohun tí yóò tẹ́ sórí ibùsùn, ohun tí yóò fi bora, àti ìró àti bùbá tí yóò wọ̀. Ìyá mi hun aṣọ mẹ́fà. Ó to káfúrà sí àárín wọn nínú àpótí onígi, ó pè mí, ó ní, "Èyí kì í ṣe aṣọ ìlò o. Aṣọ ilé-ìwé rẹ ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, nítorí òun ni Fírímẹ́ẹ̀nì fẹ́ gbọ́. Ẹgbẹ́ Àgbáàrín ni wọ́n ń jẹ́, nítorí wọ́n ní àwọn le bí èso àgbáàrín. Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn adẹ́mu wà láti abúlé Másè, olùkọ́ kékeré kan wà, Múfútáù sì wà, ọmọ Alùfáà Lásísì, òun ló ń sáré jù. Lọ́dún yẹn wọ́n na Oko-Akàrè, wọ́n na Tatonnonkon, wọ́n sì lọ gbá ọ̀mì nílé àwọn Sàkété. Kò sí ẹ̀wù tó bá ẹ̀wù mu lára wọn. Adẹ́mu kan wà tó ń fi bùbá ìyàwó rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù.

Ààwẹ̀ bọ́ sínú oṣù tí eré gbóná jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n ń sinmi, Bàbá gbé igbá omi fún Múfútáù. Bàbá Múfútáù wọ pápá wá tòun ti kẹ̀tẹ̀ àlùwàlá lọ́wọ́.

"Fẹ́líìsì, ta ló ní kó o fún ọmọ mi lómi?"

"Òùngbẹ ni."

"Ó ń gbààwẹ̀!"

"Ó tún ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọlọ́run náà rí bí oòrùn ṣe mú."

"Ọlọ́run tìẹ àbí tèmi?"

"Èyí tó bá fẹ́ kí Àjà-Wẹ̀rẹ̀ borí."

Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Múfútáù, tó jẹ́ ọmọ tó gbọ́n, da omi náà lé ara rẹ̀ lórí láìmu ẹ̀kán kan, ó padà wọlé eré, ó sì gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Bàbá wá tiro lọ bá Alùfáà níbi tó dúró sí, ó ní, "Ṣé o rí i? Orí ni mo ní kó fi mu ún."

Ìtàn yẹn ni gbogbo ẹbí ń sọ. Mi ò ní sẹ́ ẹ, ẹnu Bàbá mú. Ẹnu kan náà ló fi bá mi sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ni ìwé dé láti ọ̀dọ̀ Kọ̀mándà, òyìnbó tó ń ṣèjọba ní Pọ́bẹ̀. Wọn yóò gbá bọ́ọ̀lù ife níbi àjọ̀dún àwọn Faransé ní oṣù keje, àwa àti ẹgbẹ́ àwọn akọ̀wé ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò bá ní ẹ̀wù kan náà kò ní wọ pápá. Àwọn àgbà ìlú pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ẹnì kan dábàá pé kí ilé kọ̀ọ̀kan mú aṣọ kan wá. Bàbá ní rárá, pé àwọn ará Pọ́bẹ̀ yóò rò pé àwọn alágbe ló ń bọ̀. Ẹlòmíràn ní kí òun olórí ẹgbẹ́ lọ bẹ onísọ́ọ̀bù ní Pọ́bẹ̀ kó fún wa ní aṣọ. Bàbá wò ó títí ojú fi tì í. Ó ní, "Ẹ máa lọ sílé yín. Aṣọ wà."

Lọ́jọ́ kejì, mo ti ilé-ìwé dé lọ́sàn-án, mo bá àpótí ìyá mi ní ṣíṣí. Káfúrà ti fọ́n ká ilẹ̀. Aṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lórí tábìlì ìgéṣọ, àlùmọ́gàjí sì ti gba àárín mẹ́rin kọjá.

"Bàbá, aṣọ ìyá mi ni!"

"Aṣọ tó wà nílé mi ni." Kò gbójú sókè.

"Ó ní ti ilé-ìwé ni. Mo ti ṣe ipò kìíní, oṣù kẹ́wàá ni mò ń lọ!"

Ó fi eyín gé òwú, ó tutọ́ rẹ̀ dànù. "Òun ni yóò wá mú ọ lọ síbẹ̀ ni?"

Ní ilẹ̀ wa, bí ìyàwó ilé bá kú, ilé ọkọ kì í fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ ni wọ́n ń wá bí ọ̀fọ̀ bá parí, tí wọ́n á ṣí àpótí lójú ọmọ olóògbé. Àwọn ará ilé ìyá mi kò tíì wá. Nígbà tí Tàńtí Àgátà, àbúrò ìyá mi tó wà ní Oko-Akàrè, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn dé ilé wa. Wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó. Wọ́n fún un lómi, kò gbà á. Ó dúró síwájú ẹ̀rọ ìránṣọ Bàbá.

"Bàbá Jósẹ́fù, ẹ ń pín ogún ìyàwó ọmọ yín? Níbo lẹ ti rí i?"

Bàbá fi ẹsẹ̀ yí ẹ̀rọ náà, ó rán ìlà kan dé òpin kó tó dá a lóhùn. "Mi ò pín in," ló wí. "Mo rán an."

Ẹ wo máyò inú gíláàsì yẹn dáadáa. Ojú rírán rẹ̀ tọ́, kò sí òwú kan tó tú láti ìgbà náà wá. Ó bí mi nínú pé kò sí. Ì bá rán an ní jákujàku, mà bá rí nǹkan kan fi bú iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó rán an tán, ó fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ aláró. Èmi ló sì pè. Ìyá mi ti kọ́ mi ní aró pípa. Ìkòkò rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilé. Ó kó ẹ̀wù mọ́kànlá fún mi, ó ní kí n jẹ́ kó dúdú dáadáa. Aṣọ mi ló gé, èmi náà ni mo tún gbọ́dọ̀ bá a ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ẹni tó bá mọ aró mọ̀ pé sùúrù ni. O gbọ́dọ̀ sẹ́ omi eérú, kó o rẹ ẹlú sí i, kó o dé ìkòkò náà títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. O máa rì aṣọ, o máa sá a, o máa tún un rì, títí aró yóò fi wọ inú òwú. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rì wọ́n lẹ́ẹ̀kan sínú aró tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Mo wá bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò, mo fi ọwọ́ pa á mọ́ ojú aṣọ, mo sá a sóòrùn, mo fi igi lù ú títí ó fi ń dán. Ó dúdú, ó lẹ́wà, kò sì wọ inú òwú rárá. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí òógùn fọ̀ ọ́ kúrò lára wọn lójú Kọ̀mándà, kí gbogbo Pọ́bẹ̀ sì fi Fẹ́líìsì Ọláòtán rẹ́rìn-ín. Bàbá gbé ọ̀kan sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Ìyá rẹ kọ́ ẹ dáadáa."

Mo bá wọn lọ sí Pọ́bẹ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún náà. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ẹ̀tẹ́. Funfun báláú ni ẹ̀wù àwọn akọ̀wé. Kí ìdajì eré tó pé, wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù méjì wọlé wa. Kíjìpá wúwo, ooru mú àwọn èèyàn wa, wọ́n ń mí bí àgbò. Aró ti ń ṣàn sí wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn obìnrin Pọ́bẹ̀ ń pariwo pé, "Ẹ wá wo àwọn tó sùn sínú ìkòkò aró!" Bàbá dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ojú rẹ̀ le bí igi. Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn gan-an.

Òjò dé nígbà náà, òjò oṣù keje. Gbogbo ohun tí mo fi pa ojú aṣọ ló tú pa pọ̀. Bí ẹni wa bá forí sọ ẹni wọn, aró a yí sára onífunfun. Bí onífunfun bá ṣubú, inú ẹrẹ̀ àti aró ló ń ṣubú sí. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi rí bákan náà. Akọ̀wé gíga kan tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn wọn gba bọ́ọ̀lù, ó wo ọ̀tún, ó rí aláró, ó wo òsì, ó rí aláró. Ó yan ọ̀kan, ó sì gbé bọ́ọ̀lù fún Múfútáù. Bí a ṣe gbá ọ̀kan wọlé nìyẹn. Àwọn tiwa mọ ara wọn. Ọmọ oko kan náà ni wọ́n, bí èjìká ẹnì kejì ṣe ń mì ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Àwọn akọ̀wé kò mọ ara wọn ju ẹ̀wù lọ. Kí fèrè tó dún, bọ́ọ̀lù wa ti wọlé wọn lẹ́ẹ̀mẹta.

Kọ̀mándà bínú, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ògbufọ̀ bi olórí ẹgbẹ́ wa léèrè ìdí tí aṣọ rẹ̀ fi ń ṣí aró bẹ́ẹ̀. Bàbá wò mí. Ó wò mí pẹ́. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀. Mo ń retí kó sọ pé ọmọ burúkú kan ló ba aró òun jẹ́. Ó fi ọwọ́ lé mi lórí níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ẹ sọ fún un pé ọgbọ́n mi ni. Èmi ni mo ní kí ọmọ yìí má jẹ́ kí aró wọ inú òwú."

Wọ́n gbé e sọ́rùn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí mo bá ní irọ́ ni, mo ti jẹ́wọ́ ìwà ìkà sí ìlú mi. Ó gba aṣọ mi, ó tún gba ìbínú mi, ó fi méjèèjì ṣe oríire ara rẹ̀. Orin tí wọ́n kọ fún un lọ́nà ilé, èmi náà gbè é.

Nígbà tí oṣù kẹ́wàá dé, mi ò ní ohun tí mo lè kó lọ. Olùkọ́ wa wá bẹ Bàbá pé kó wá aṣọ mìíràn fún mi, pé àyè náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bàbá ní ẹlòmíràn ni kó bẹ̀. Àyè mi bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ṣe ipò kejì, ọmọbìnrin kan tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kò ṣẹ̀ mí. Wọ́n mú mi lọ sí Másè, mo fi ọdún kan gbáko bó ẹ̀gẹ́ fún gàrí. Olùkọ́ náà tẹ̀lé mi dé oko, ó jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́, ó sunkún lójú mi. Ó ròyìn ohun tí Bàbá wí fún un nígbà tó bẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn: "Ilé-ìwé kì í sá lọ, ọ̀gá. Bọ́ọ̀lù ló ní ọjọ́ tirẹ̀."

Ilé-ìwé sá lọ. Ọdún kejì ni Tàńtí Àgátà bọ́ ìró ara rẹ̀, ó di ẹrù fún mi, ó mú mi lọ bẹ àwọn Másẹ̀ẹ̀ ní Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n sì gbà mí. Mo kàwé. Mo ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ìwé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí, wọ́n ka ọjọ́ orí mi, wọ́n ní mo ti fi ọdún kan kọjá. Ọdún kan. Ọmọ tó gba àyè mi wọlé níbẹ̀. Ó gbẹ̀bí títí ó fi darúgbó. Èmi di olùkọ́. Àwọn obìnrin ìlú wa sì ń kú lójú ọ̀nà Pọ́bẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyá mi. Mi ò sọ pé mà bá gba gbogbo wọn là. Mo sọ pé mà bá wà níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ Àgbáàrín tú ká lọ́dún tó tẹ̀ lé ti bọ́ọ̀lù ife náà. Múfútáù ń lọ sí Nàìjíríà, ó dá máyò tirẹ̀ padà fún Bàbá, Bàbá sì gbé e kọ́ sára ìṣó lókè ẹ̀rọ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá sílé fún ọlidé ni mò ń bá a níbẹ̀. Mo béèrè fún un lẹ́ẹ̀kan, kí n lè fi ohun kan rántí ìyá mi. Bàbá ní ti ìlú ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé Bàbá ń lọ. Mo dé, mo bá a lórí ẹní, ó ti rù, ojú rẹ̀ ṣì ń wọ̀n mí láti ọrùn dé ọrùn ọwọ́. Mo ní kí àwọn tó kù jáde.

"Bàbá, ohun kan péré ni mo wá gbà kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ sọ pé ẹ jẹ̀bi mi."

"Jẹ̀bi kí ni?"

Mo kà á fún un, láti àpótí dé Másè, láti Másè dé iṣẹ́ tí mi ò rí ṣe. Mi ò sunkún. Mo jẹ́wọ́ aró náà fún un pẹ̀lú, kó má baà rò pé ohun kan wà tí mò ń fi pa mọ́. Ó di ojú, mo sì rò pé ó ti sùn lọ. Ó wá ní kí n fún òun lómi. Mo gbé e lọ́rùn, ó mu ún, ó nu ẹnu ara rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn láyé:

"Aṣọ ìyá rẹ ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo mú àlùmọ́gàjí. Bó bá jẹ́ òní ni, màá tún gé e."